Fámásì tó pín ìrẹsì, tó sì da oògùn sí gọ́tà: kí ni ojúṣe sí àwùjọ gan-an?

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, kò ṣòro ní Ado-Èkìtì láti rí ilé-iṣẹ́ tó ń pín ìrẹsì, tó ń fún ọmọ ilé-ìwé ní ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ ara wọn sí lẹ́yìn, tàbí tó na bánà síwájú ààfin pé àwọn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ojúṣe ilé-iṣẹ́ sí àwùjọ nìyẹn. Ẹni tó ní fámásì mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà káàkiri ìpínlẹ̀ náà sì máa ń rò pé bí òun bá ti ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òun ti ṣe tòun. Ìrẹsì dára, àmọ́ apá kan péré ló jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, apá tó sì rọrùn jù ni.

Àjọ ISO tó ń ṣètò òṣùwọ̀n káríayé gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2010 lórí ọ̀rọ̀ yìí. ISO 26000 ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ilé-iṣẹ́ ló ni ẹrù ohunkóhun tí ìpinnu rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ bá dá sílẹ̀ fún àwùjọ àti àyíká. Ó pín in sí ọ̀nà méje: bí wọ́n ṣe ń darí ilé-iṣẹ́, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àyíká, òwò òtítọ́, ọ̀rọ̀ oníbàárà, àti ìdàgbàsókè ìlú tí ilé-iṣẹ́ wà. Inú ìkeje yìí ni ìrẹsì wà. Mẹ́fà yòókù ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, yálà bánà wà níta tàbí kò sí. (Ẹ kíyè sí i: ìmọ̀ràn ni ISO 26000, kò ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín gba sàtífíkéètì rẹ̀, owó yín ló ń wá.)

Ètò ọjọ́ pípẹ́ ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ bí òun yóò ṣe máa bá òwò lọ fún ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, láì ba omi, afẹ́fẹ́, òṣìṣẹ́ tàbí ara oníbàárà jẹ́, tí òwò náà fúnra rẹ̀ kò sì ní wó. Ojúṣe ni gbèsè tí ẹ jẹ; ètò ni bí ẹ ó ṣe san án. Ibi tó sì yẹ kí fámásì ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án ni oògùn, torí oògùn ló ń tà. Gbígbin igi lè dúró díẹ̀.

Ooru àti iná

Lára páálí ọ̀pọ̀ oògùn, wọ́n kọ ọ́ pé ooru ibi tí wọ́n bá gbé e sí kò gbọ́dọ̀ ju dígírì 30 lọ. Fún àwọn mìíràn, dígírì 25. Nínú oṣù Kejì àti Ìkẹta, yàrá tí páànù bò tí kò ní síìlì gidi lè kọjá ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ínsúlìn, ọ̀pọ̀ àjẹsára, àti oxytocin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àárín dígírì 2 sí 8 ni ibùgbé wọn. Oxytocin tí ooru ti pa kì í yí àwọ̀ padà, kì í sì í rùn. Inú yàrá ìgbẹ̀bí ni wọn yóò ti mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti lọ.

Bí fìríìjì ilé lẹ bá ń lò, ẹ gbé tẹmọ́mítà sí àárín rẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọjà, àti nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Oògùn kò gbọ́dọ̀ kan ògiri ẹ̀yìn tí yìnyín ń mú: ínsúlìn tó bá ti dì ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ yọ́ padà tó mọ́ bí omi. Ẹ to ìgò omi sí àyè tó bá ṣófo, òun ni yóò di òtútù mú bí iná bá lọ. Mínírà àti oúnjẹ òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn láti mu nǹkan tútù ni ooru ń wọlé tọ oògùn lọ. Bí tẹmọ́mítà bá kọjá 8, ẹ kó oògùn náà lọ sínú òtútù mìíràn, ẹ lẹ ìwé "má tà" mọ́ ọn, ẹ kọ iye wákàtí tó lò nínú ooru, kí ẹ sì kàn sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Òmíràn ṣì ṣeé tà, òmíràn kò ṣeé tà mọ́. Fámásísì ló ń pinnu ìyẹn, ọmọ tó dúró ní káńtà kọ́.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń jẹ owó jù nínú gbogbo ètò yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré 2.5kVA ń mu nǹkan bíi lítà epo kan ní wákàtí kan. Ká ní ẹ̀ka mẹ́fà ni ẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù: lítà 936 nìyẹn. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 carbon dioxide sínú afẹ́fẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé tọ́ọ̀nù méjì àti díẹ̀ ló ń jáde lóṣù kan ṣoṣo. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra lítà kan sọ 936 yẹn di owó kí ẹ wò ó. Irú nọ́ńbà báyìí ló yẹ kó wọ inú ètò. "A ó dín èéfín kù" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Sólà ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ rà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò wọ́n: síìlì, ọ̀dà funfun lórí páànù, aṣọ fèrèsé níhà ìwọ̀-oòrùn, gílóòbù LED, kí ẹ sì gbé ṣẹ́ẹ̀fù oògùn kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tó ń jẹ iná. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fìríìjì ń jẹ yúnìtì 1.5 lójúmọ́, kọ̀ǹpútà, POS, gílóòbù àti fáànù, yúnìtì 2, éésì kékeré kan fún wákàtí mẹ́jọ, nǹkan bíi 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.5. Páńẹ́lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì yóò fún yín ní 3,300 wáàtì. Bí oòrùn bá ràn gidi fún wákàtí mẹ́rin, ó di yúnìtì 13.2. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ohun tí eruku, ooru, wáyà àti ìnfátà ń gbé mì, ó ku bíi 10. Ó tó, lọ́jọ́ tó dára. Láti oṣù Keje dé Ìkẹsàn-án tí òjò ń rọ̀, ó lè má tó. Nígbà ọyẹ́, eruku ni yóò bo páńẹ́lì. Omi àti aṣọ rírọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì ló ń gbà á là.

Ohun tó sì máa ń bàjẹ́ jù kò ní í ṣe pẹ̀lú oòrùn rárá. Wọ́n á so éésì àti fìríìjì pọ̀ mọ́ wáyà kan. Éésì á fa bátìrì gbẹ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, fìríìjì á kú lóru, iná á sì padà dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ á bá fìríìjì tó ń kùn, á rò pé àlàáfíà ni. Nítorí náà, ẹ fún fìríìjì ní wáyà tirẹ̀, kí éésì máa kú fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá ti ku ìdajì, kí ẹ sì ra tẹmọ́mítà tó ń rántí ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù láti àná. Òun nìkan ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru.

Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá

Ilé ìtajà oògùn tó bá ní ẹ̀ka púpọ̀ kì í ṣàìní oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni bó ṣe pọ̀ tó àti ibi tó gbà lọ.

Bó ṣe pọ̀ tó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra ọjà wọlé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Alágbàtà á ní "ra mẹ́wàá, gba kan lọ́fẹ̀ẹ́," ẹni tó ń ra ọjà á ra ogójì fún ẹ̀ka Ọ̀mùò tó ń ta méjì lóṣù. Kò sí bí kò ṣe ní bàjẹ́ síbẹ̀. Ìṣirò tó ń sọ òtítọ́ ni pé kí ẹ kó iye owó oògùn tó bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ pín in fún iye owó oògùn tí ẹ rà láàárín oṣù mẹ́ta náà. Lórí ṣẹ́ẹ̀fù, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ ló ń wà níwájú, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ dé. Lóṣooṣù, ẹ lẹ àmì kan mọ́ èyí tó ku oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì lẹ àmì pupa mọ́ èyí tó ku mẹ́ta. Èyí tó ku mẹ́fà ni kí ẹ gbé láti ẹ̀ka tí ọjà ti ń falẹ̀ lọ sí Ado, tàbí kí ẹ dá padà fún alágbàtà bí àdéhùn yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn yẹn wà nínú ìwé kí ẹ tó sanwó, torí lẹ́yìn owó, ohùn alágbàtà máa ń yí padà.

Èyí tó ti kọjá ńkọ́? Inú páálí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà, jìnnà sí ọjà títà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ti ṣe é (batch number), nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó kọjá. NAFDAC ni kí ẹ kọ̀wé sí láti bá yín mójú tó ìparun rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti pa á run. Oògùn tí òfin ń ṣọ́, bíi tramadol, ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo èyí ń náni lówó; bí kò bá sí nínú ìṣúná ọdún, òru ni wọn yóò dà á nù.

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà dà á nù lóru, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pa ènìyàn lára. Bó bá wọ ààtàn, ẹni tó ń ṣa ike á kó o, á sì tún padà sí ọjà. Bí wọ́n bá dáná sun ún lẹ́yìn ilé, ooru iná igi kò tó láti pa èròjà inú rẹ̀ run, èéfín olóró ló ń mú wá, agolo oògùn ikọ́ asthma tí wọ́n ń fín sẹ́nu sì lè bú gbàmù. Bí wọ́n bá dà á sí ṣáláńgá tàbí gọ́tà, ó di ti odò. Áńtíbáyọ́ọ̀tíkì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, tó bá wọ odò Ureje ní Ado kò ní pa ẹnikẹ́ni lọ́la, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn inú omi yóò máa kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn náà. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO gbé jáde lọ́dún 1999 sọ bí wọ́n ṣe lè dì í mọ́nú dúrọ́ọ̀mù: oògùn á kún un dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, wọ́n á wá da ẹfun, sìmẹ́ǹtì àti omi lé e, ní ìwọ̀n 15, 15 àti 5, títí yóò fi le bí òkúta. Ibi tí àwọn aláṣẹ bá fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé yín.

Ẹ tún gbé àpótí oníkọ́kọ́rọ́ kan tó ní ihò lórí sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ará ìlú lè máa da oògùn àjẹkù ilé wọn sí i. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ kò padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù mọ́, bí káàdì rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì já, torí kò sẹ́ni tó mọ ooru tó ti gbà. Ẹni tó ń gún ínsúlìn sì nílò àpótí líle fún abẹ́rẹ́. Bó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dì í pa. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń da páálí àti ìgò òfìfo nù, ẹ ya páálí náà, kí ẹ sì bó ìwé ara ìgò. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá èyí tó bá ṣì lẹ́wà.

Káńtà

Òfin Pharmacy Council ọdún 2022 àti ìlànà rẹ̀ kò fi ṣeré: ibi tí wọ́n bá ti ń ta oògùn ní fámásì, fámásísì tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ máa bójú tó o. Síbẹ̀ àṣà kan wà tí fámásísì fi ń ya ìwé àṣẹ rẹ̀ fún olówó, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì wà níbòmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe èyí ní ẹ̀ka Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò, tó wá ń pín ìrẹsì ní Ado, ojúṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti sá fún. Nọ́ńbà tí ẹ ó kọ sínú ètò rọrùn: nínú gbogbo wákàtí tí ẹ̀ka kan fi ṣí sílẹ̀ lóṣù, mélòó ni fámásísì fi wà níbẹ̀ gan-an?

Ẹ wá wo oníbàárà tó wọlé pé kí wọ́n fún òun ní oògùn aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, horo méjì. Áńtíbáyọ́ọ̀tíkì ló ń bèèrè. Bí òṣìṣẹ́ bá tà á, inú rẹ̀ dùn, kòkòrò àrùn náà kò kú tán, nígbà mìíràn ó lè má gbọ́ oògùn mọ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Kí ló dé? Torí pé owó àjẹmọ́nú máníjà ẹ̀ka dá lórí iye ọjà tó tà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n kò lè borí àjẹmọ́nú kan. Ẹ yọ áńtíbáyọ́ọ̀tíkì kúrò nínú ìṣirò àjẹmọ́nú, kí ẹ sì máa ka iye èyí tí wọ́n tà pẹ̀lú ìwé dókítà. Fún ibà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìka kó ṣáájú oògùn. Omi oògùn ikọ́ tó ní codeine, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé láti ọdún 2018, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ìdánwò kan wà fún ayédèrú tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú nọ́ńbà ìpele oògùn kan tí ẹ rà, kí ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka pé: mélòó ló wà lọ́wọ́ yín, mélòó lẹ ti tà? Ẹ wo wákàtí mélòó tí ìdáhùn gbà. Bí NAFDAC bá kéde lọ́la pé kí wọ́n kó oògùn kan kúrò lọ́jà, wákàtí yẹn ni ènìyàn yóò fi máa gbé e mì.

Òṣìṣẹ́ àti àṣírí

Kúkúrú ni èyí, torí òfin ti sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 mú ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́, mẹ́jọ láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Kò sí ọgbọ́n nínú kíka ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí iye má bàa pé. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ló forúkọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ni gbogbo wọn. Òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ àìsàn ènìyàn sí ohun ẹlẹgẹ́. Ìwé gbèsè tó wà ní ṣíṣí lórí káńtà pẹ̀lú orúkọ àti oògùn, fọ́tò ìwé dókítà lórí WhatsApp òṣìṣẹ́, àti kí wọ́n máa pariwo orúkọ oògùn kọjá orí èrò, gbogbo rẹ̀ ló ń tú àṣírí. Nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ìyẹn nìkan lè lé aláìsàn kúrò nídìí oògùn rẹ̀.

Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, bó bá máa wúlò

A padà dé ìdí bánà. Ẹni tó rìn wá nínú oòrùn, tó dúró lórí ìlà, tí ohùn gbohùngbohùn sì ń dún létí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ga láìjẹ́ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé ẹ̀yìn ti àga, kí ẹ wọn án lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ́ sí káàdì fún un, kí ẹ sì dá ọjọ́ mìíràn tí yóò padà wá. Bó bá jẹ́ 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà sì ń dùn ún tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, EKSUTH (ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) ní Ado tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, èyí tó bá súnmọ́. Ẹ má pín oògùn ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta ńkọ́? Nọ́ńbà tó yẹ kó wọ inú ètò kì í ṣe iye ènìyàn tí ẹ yẹ̀ wò, bí kò ṣe: nínú àwọn tí tiwọn ga, mélòó ló ti rí dókítà kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé?

Ìwé náà fúnra rẹ̀

Ojú ewé kan tó. Fún ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ wà lónìí, nọ́ńbà tí ẹ fẹ́, oṣù tí ẹ fẹ́ dé ibẹ̀, owó tí yóò ná yín, àti orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dáhùn fún un. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ kàn máa wọ̀n, ẹ má tíì yí ohunkóhun padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ ti gbéra. Ohun márùn-ún ti tó fún ọdún kìíní. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ogún kì í ṣe mẹ́ta. Fámásísì àgbà ló ni ti oògùn tó bàjẹ́, akọ̀wé owó ló ni ti epo. Bí ẹ bá fa gbogbo rẹ̀ lé ẹni tó ń ṣe ìpolówó lọ́wọ́, fọ́tò ni yóò bí.

Ìwé yìí tún ní èrè tí kò hàn lójú. Láti ọdún 2012 ni àwọn bánkì Nàìjíríà ti gba ìlànà pé kí wọ́n máa wo ewu àyíká àti àwùjọ nínú òwò ẹni tó fẹ́ yáwó. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó sólà, tó sì gbé lítà epo oṣù mẹ́ta àti ìwé ẹ̀rí NAFDAC kalẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹni tó gbé fọ́tò ìrẹsì wá.

Bí ìròyìn ẹ̀ka bá ti ń wọlé, ẹ̀ka tí nọ́ńbà rẹ̀ dára láìyẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò. Ìwé fìríìjì tó kọ dígírì 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́ fún odidi oṣù mẹ́ta, tí gègé kan náà sì kọ gbogbo rẹ̀, ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ ọ́.